Bí Ìrìnàjò Bá Ku Ọ̀la, Ẹ Jẹ́ Kí Mẹkáníìkì Sinmi

Ìbéèrè

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Parakin ní Ilé-Ifẹ̀ ni mò ń gbé. Ẹni ọdún 66 ni mí, iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní Peugeot 504 kan, ti ọdún 1986, láti 1994 ni mo sì ti ń wà á. Àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì tí a jọ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ wà ní Lọ́kọ́ja. Ó tó ọdún mẹ́sàn-án tí a ti fojú kanra, ojú ọ̀kan nínú wọn sì ti ń ṣókùnkùn. Mo ti ṣèlérí fún wọn pé bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, mò ń bọ̀. Mọ́tò mi ni mo fẹ́ gbé lọ, torí òun náà ni a jọ fi ń jayé nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Ifẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ bọ́ọ̀sì." Mẹkáníìkì mi ní tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá fẹ́ lọ gan-an ni kí n gbé e wá, òun á tú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ palẹ̀, òun á tún un tò, á sì dà bí tuntun. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Tíṣà Àgbà, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn

Tíṣà, ẹ kú ìrántí ọ̀rẹ́. Ti mẹkáníìkì yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n lè mu tíì mi tán láàárọ̀ tí mo ka lẹ́tà yín.

Ẹ má gbà fún un o. N kò sọ pé kò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú dà bí abiyamọ ọjọ́ mẹ́ta, a kì í gbé ẹrù lé e lórí. Ríǹgì tuntun àti bíárínnì tuntun ń fẹ́ kí a rọra wà wọ́n fún nǹkan bí 1,000 kìlómítà kí wọ́n tó bára mu. Orí ẹ́ńjìnnì 504 sì rèé, alumíníọ̀mù ni. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbóná, tí ó ti tutù, bí ẹ̀ẹ̀mélòó kan, àwọn nọ́ọ̀tì tí ó dè é mọ́lẹ̀ a máa dẹ̀ díẹ̀, a sì ní láti gbé e padà kí wọ́n fi sípánà fún wọn le lẹ́ẹ̀kejì. Ibo ni ẹ ó ti rí mẹkáníìkì yín kó bá yín fún un? Ní Ọ̀wọ̀?

Òfin kan wà tí èmi fi ń bá mọ́tò àtijọ́ gbé, ìyà ló sì kọ́ mi: ohunkóhun tí a bá máa tún ṣe, kí ó ti parí ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìrìnàjò, ó kéré tán. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́, àfi ẹni tó fẹ́ wo ọ́ìlì àti omi. Mọ́tò tí ẹ ń wà lójoojúmọ́ ti sọ gbogbo àléébù rẹ̀ fún yín. Èyí tí ọmọ ẹlẹ́ran-ara gbàgbé síbẹ̀ lálẹ́ àná ni kò tíì sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi fún yín. Ọdún 1983 ni ọkọ mi fi owó tí ìjọba yá a ra 504 tiwa, aláwọ̀ ewé, tí gíà rẹ̀ wà lọ́rùn sitíárì. Kàdúná ni wọ́n ti tò ó. Láti 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà ara rẹ̀ kò fi tíì wọ́n wa títí dòní. Bí ẹ bá dé Agodi Gate ní Ìbàdàn, ẹ ó rí i lórí ilẹ̀. Ọkọ mi kú ní 2004. Àwọn ọmọ ní kí a ta mọ́tò náà. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ tà á, kó tà mí mọ́ ọn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, èmi àti àbúrò mi obìnrin múra Lọ́kọ́ja, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ gbé yàrá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Jọ́gíráfì ni mo fi ọdún 28 kọ́ àwọn ọmọ. Mo ti ya Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé sójú pátákó láìmọye ìgbà, bíi lẹ́tà Y, mo ti fi ṣọ́ọ̀kì kan Lọ́kọ́ja níbi tí wọ́n ti pàdé, bẹ́ẹ̀ ni n kò débẹ̀ rí. Ó ń tì mí lójú díẹ̀.

Nígbà tí ó ku ọ̀la, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún mọ́tò mi ṣe nígbà náà wá bá mi nílé ní Ìṣọ̀kùn, ní Ilẹ́ṣà. Ó ní, "Mọ̀ọ́mì, kí ọkàn yín lè balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì omi yìí, wọ́n ti pẹ́." Inú mi dùn pé ó ro tèmi. Àwọn họ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kò kúkú jò. Ó ń ṣe é títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ki tọ́ọ̀ṣì sẹ́nu, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́, mo tún gbé ẹ̀bà fún un nígbà tó parí.

A gbéra láago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ọyẹ́ ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀. A kọjá Ìwáràjà níbi tí ọ̀nà Èkìtì ti yà, a kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, àbúrò mi ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kó èèpo rẹ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tí a kọjá Ọwẹnà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ sọ́nà Ìgbàrà-Òkè, mo gbọ́ òórùn kan. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí mọ́tò àtijọ́ mọ òórùn mẹ́rin: ti epo, ti rọ́bà tó ń jó, ti bíréèkì, àti ti omi gbígbóná. Ti omi ló ṣòro mọ̀ jù. Ó dà bí ìgbà tí a bá ṣí ìkòkò ẹ̀wà tó ti ń hó láti òwúrọ̀, tí a kò tíì fi nǹkan kan sí i. Mo wo gééjì, ọwọ́ rẹ̀ ti dorí kọ pupa. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì pa á níbi tí mo dé. N kò ní "jẹ́ kí n gun òkè yìí tán ná." Gbólóhùn yẹn ti pa ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ ju àìsí ọ́ìlì lọ.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru gbá mi lójú. Omi ń kán láti ìsàlẹ̀, tó, tó, tó, sórí ewé kòkó gbígbẹ, èéfín sì ń yọ lára ewé náà. Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá yà láti ràn wá lọ́wọ́. Kí n tó mọ̀, ó ti na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀. Mo kígbe mọ́ ọn: "Gbọ́wọ́ kúrò níbẹ̀!" Ó fò sẹ́yìn, ó sì kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ọmọ praimárì. Tíṣà, ẹ mọ ohùn tí mò ń sọ, kì í bá wa fẹ̀yìn tì. Omi tí a dé pa mọ́ inú rédíétọ̀ a máa gbóná ju omi ìkòkò tó ń hó lọ, ìdérí yẹn ló há a mọ́. Ẹni tó bá ṣí i lójijì, ojú àti àyà rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa ru sí.

A jókòó fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Àgbẹ̀ kan jáde látinú oko pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi, ó gbé e kalẹ̀ fún wa, ó sì jókòó tì wá. Kò béèrè owó. Ọdún tí a ra Peugeot yẹn ló ń béèrè, ó ní irú rẹ̀ ni bàbá òun fi ṣe kábúkábú. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù tó èyí tí mo lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kílíìpù họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ti fi ìka yí i títí ó fi dúró, bóyá ó ní kí òun tó wá sikirudíráífà, ẹ̀bà mi dé. Àbúrò mi na ọ̀bẹ tó fi ń bó ọsàn sí mi. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún àti ààbọ̀ ni mo fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yí i kó tó le. Mo kà á.

Mo ní kí àbúrò mi ṣáná sí i, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, èmi ń rọra da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ má yí kẹ́ẹ̀gì omi tútù dà sínú ẹ́ńjìnnì gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà láyé yín. Orí alumíníọ̀mù yẹn lè là tàbí kó lọ́, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì á sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà mo ṣí ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ooru sínú mọ́tò. Àwọn èèyàn máa ń fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí la fẹ́ fi ṣe ní Nàìjíríà? Ohun tí a fẹ́ fi ṣe nìyẹn: omi ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń bá ẹ́ńjìnnì gbé díẹ̀ nínú ooru rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. A ṣí fèrèsé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ń làágùn bí ẹni ń gún iyán ìnáwó, títí a fi dé Àkúrẹ́. Mo ra kílíìpù mẹ́fà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo dè wọ́n.

Aago kan ọ̀sán ni mo dá fún ọ̀rẹ́ mi. Aago márùn-ún kọjá kí a tó dé. Mo sọ̀kalẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, kí n sì tó kan géètì ó ti ń sáré bọ̀ pẹ̀lú ìborùn lọ́wọ́. Ó ní ìró ilẹ̀kùn 504 lòun gbọ́. Ilẹ̀kùn mọ́tò ìsinsìnyí a dún "pọ̀", ó tán. Ti 504 a dún "gbàm", irin inú rẹ̀ á tún máa gbọ̀n tẹ̀lé e. Ó ní láti aago kan ni òun ti ń fetí sí gbogbo ilẹ̀kùn tó ń dún ládùúgbò. Tíṣà, ọ̀rẹ́ yín tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, etí rẹ̀ ńkọ́?

Lọ́jọ́ kejì, ó mú wa gun Òkè Patti. Mo rí odò méjèèjì nísàlẹ̀. Iyanrìn tó yọ láàárín omi, tí àwọn ẹyẹ bà lé, n kò yà á sójú pátákó rí fún ọdún 28. Mo sunkún díẹ̀. Mo ní ọyẹ́ ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí ti yín. Ẹ pe mẹkáníìkì yín ní báyìí, kó wá yẹ̀ ẹ́ wò, kó má tú u. Ohun tó bá bàjẹ́ nìkan ni kó tún ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹ mú Sátidé kan, lọ́sàn-án gangan tí oòrùn ń ta, kí ẹ kó èèyàn mẹ́ta sínú rẹ̀, kí ẹ gba Ṣẹ̀kọ̀nà lọ sí Ẹdẹ, kí ẹ dé Òṣogbo, kí ẹ ti ibẹ̀ wá sí Ilẹ́ṣà, kí ẹ gba Òsú padà sílé. Ó lé ní 100 kìlómítà, ilé kò sì jìnnà sí ibikíbi tí ó bá ti dákú. Bí ẹ bá dé, ẹ tẹ́ páálí funfun sábẹ́ rẹ̀ kó sùn mọ́jú. Ohun tó bá kán sórí páálí ni yóò jẹ́wọ́: èyí tó dúdú, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni, èyí tó mọ́ tó ń yọ̀ lọ́wọ́, tó wà nítòsí táyà, ti bíréèkì ni, ẹ má sì bá ìyẹn ṣeré kankan. Ẹ tún un lọ ní Sátidé kejì. Bí ó bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀, ẹ lè di ẹrù.

Táyà. Ẹ má wo ojú rẹ̀ tó ń kan ilẹ̀ nìkan. Lára rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹnì kan ta tòkunbọ̀ kan fún mi rí, ó ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Nígbà tí mo wọ dígí mi kà á, ó ju ọmọ-ọmọ mi àgbà lọ. Rọ́bà a máa gbó bí kò tilẹ̀ rìn. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá ó ti ń sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Sípíà náà, ẹ gbé e jáde kí fọkanáísà fún un ní atẹ́gùn, kí ẹ wò ó bóyá atẹ́gùn náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n ti yọ sípíà kan jáde nínú mọ́tò ìbátan mi kan lójú mi, tí èèrà ti kọ́lé sínú rẹ̀.

Agolo mílíìkì kan wà nínú búùtù mi, inú rẹ̀ ni ẹ̀mí mọ́tò mi wà: kọ́ńtáàtì sẹ́ẹ̀tì kan, kọ̀ńdẹ́ńsà kan, rótọ̀, pọ́lọ́ọ̀gì méjì, fíúsì, wáyà tó gùn tó apá, àti sáńpépà kékeré tí a fi ń ha ẹnu kọ́ńtáàtì. Bẹ́líìtì fáànù wà lábẹ́ ìjókòó. Ohun tí mo fi fẹ́ràn àwọn mọ́tò yìí nìyẹn. Mọ́tò olówó ńlá, bí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá ṣàìsàn ní Ọ̀wọ̀, Ìbàdàn tàbí Èkó ni ó máa ti rí dókítà. Tiyín, bàbá àgbàlagbà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò lè tún un ṣe, yóò sì máa sọ ìtàn fún yín bó ti ń ṣe é.

Epo: ẹ má jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin táńkì lọ. Táńkì tó ti ń gba epo láti 1986 ní ìpẹtà àti ìdọ̀tí nísàlẹ̀, epo tó kẹ́yìn ló sì máa ń gbé e wọ inú fílítà àti kabúrétọ̀. Mo mọ̀ pé owó rẹ̀ ń dunni. Kí wọ́n tó kéde ní oṣù karùn-ún 2023 pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà kan kò tó 200 náírà nílé epo tó ń tà á ní iye ìjọba. Ẹ̀yin náà rí ohun tí à ń rà á báyìí. 504 tí kabúrétọ̀ rẹ̀ dára a máa mu bíi lítà 10 sí 12 fún 100 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ Lọ́kọ́ja láti Ifẹ̀, ẹ fi bíi 80 lítà sọ́kàn. Ó pọ̀ ju owó bọ́ọ̀sì lọ fíìfíì, n kò ní purọ́ fún yín.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Ẹ má bínú sí i. Mo rò pé ojú ọ̀nà ló ń bẹ̀rù ju mọ́tò lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀ ní àkókò tí a wà yìí. Nígbà tó bá ku ọ̀la, ẹ lọ bá àwọn awakọ̀ tó ń ná Lọ́kọ́ja ní gáréèjì. Ẹni tó dé lánàá ni kí ẹ bi, ẹ má bi ẹni tó ń wá èrò. Bí ó bá ní ọ̀nà kò dára lásìkò yìí, ẹ jẹ́ kí mọ́tò yín wà nílé, kí ẹ pe àwọn ọ̀rẹ́ yín, kí ẹ sún un síwájú. Bí ó bá ní ó dára, kí ẹ ti jáde ní Ifẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, kí oòrùn má wọ̀ bá yín lọ́nà lẹ́yìn Òkènè. Bí aago méjì ọ̀sán bá lù tí ẹ ṣì wà ní Ọ̀wọ̀, ẹ wá ibi sùn ní Ọ̀wọ̀. Ẹ mú ọmọ yín dání tí àyè bá gbà á. Yóò bá yín wa díẹ̀, ẹ ó sì rí ẹni kọ́ ní gíà ọrùn.

Ẹ fi nọ́ńbà 122 sínú fóònù yín, ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni, owó kò sí lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ ló yẹ kí ẹ mọ ìtàn wọn jù. Ní 1977, tí Ọ̀ṣun ṣì wà lára Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí Wọlé Ṣóyínká ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun ló ṣaájú dídá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, torí ikú tó ń pa èèyàn lójú títì, títí kan ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn. Ọdún 1988 ni ti ìjọba àpapọ̀ tó dé, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ṣe alága rẹ̀. Bí wọ́n bá dá yín dúró, sí-kọ́ṣọ̀n, ẹ̀rọ apaná, sípíà àti lísẹ́ńsì ni wọ́n máa béèrè. Ẹ kó wọn sí ibi tí ẹ kò ní kó ẹrù gbogbo ilé jáde kí ẹ tó rí wọn.

Ẹ má dá aago kankan fún àwọn ọ̀rẹ́ yín o. Ọjọ́ ni kí ẹ sọ. Ẹ má sì ru iṣu lọ, iṣu kún ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ mú ọsàn dání, kí ẹ sì mú ọ̀bẹ tó ní ṣóńṣó.

Ìbéèrè

Mọ̀ọ́mì, ọkọ mi kì í dúró lọ́nà. Bí a bá ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Bìní nínú Corolla wa ti 1992, láti Modákẹ́kẹ́ títí dé ẹnu géètì wọn ni. Bí mo bá ní kó dúró, á ní "a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé", Oǹdó là ń wò yẹn. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí, ó máa ń kà á.

Ìyá Ìbejì, Modákẹ́kẹ́

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, bí ó bá ń kà á, nígbà náà ohun tí mo fẹ́ sọ máa bàjẹ́, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́. Ọkùnrin tí kò ní dúró nítorí ìyàwó máa dúró nítorí ẹ́ńjìnnì. Ẹ kàn sọ fún un pé ẹ gbọ́ ìró kan. "Bàbá Ìbejì, kí ló ń dún gíín yẹn?" Á dúró, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á wo ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀yin á rìn síwá sẹ́yìn, á sì wọlé padà tayọ̀tayọ̀ pé òun kò rí nǹkan kan. Mo ti ṣe é fún ọkọ mi fún ọdún mọ́kànlélógún.

Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ẹ̀jẹ̀ a máa dì sẹ́sẹ̀ ẹni tó jókòó pẹ́ láìmira, pàápàá ẹni tó ti ń dàgbà. Bí wákàtí méjì bá pé, ẹ dúró, kí gbogbo yín rìn. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú tí ó ń ro ìyàwó yín, tí ìkejì kò wú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ darí sí, ẹ má tíì lọ sí Bìní.

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ Mà. Golf 3 ni mò ń wà. Tí mo bá há sínú gósiló ní Àtàkúnmọ̀sà, ó máa ń gbóná dé pupa, ṣùgbọ́n tí mo bá ti bọ́ sójú títì márosẹ̀, á tutù. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Èkó ní Sátidé tó ń bọ̀ fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ mi. Ṣé rédíétọ̀ ni kí n rà?

Dẹ́rẹ́bà Tuntun, Ilẹ́ṣà

Ìdáhùn

Má ra rédíétọ̀ kankan, ọmọ mi, fáànù ni kí o wò. Bí o bá ń sáré, afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló ń bá ọ fẹ́ rédíétọ̀. Bí o bá dúró, fáànù nìkan ló kù, àpẹẹrẹ tí o sì ṣe yìí fi hàn pé fáànù tìrẹ ń sùn. Jẹ́ kí mọ́tò dúró sójú kan kó gbóná, kí o fetí sílẹ̀. Bí gééjì bá ti kọjá àárín dáadáa tí o kò gbọ́ fáànù, pa ẹ́ńjìnnì, kí o wo fíúsì rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí rẹ́wáyà wo súìṣì tó wà lára rédíétọ̀, òun ló ń sọ fún fáànù pé ooru ti tó. Bí ó bá jẹ́ pé ojú títì gan-an ló ti ń gbóná, tí ó sì ń tutù láàárín ìlú, màá ti sọ pé rédíétọ̀ ló dí.

Ṣùgbọ́n Sátidé tí o kọ yẹn, kí ìwé yìí tó jáde, ó ti kọjá. O ti lọ. Kọ̀wé sí mi, kí o sọ ibi tó ti gbóná fún mi. Mo lè ta tẹ́tẹ́ pé inú gósiló Bẹ́gà, lẹ́nu ọ̀nà Èkó, ni.